Láti Ẹnu Ìkókó dé Ilé Ọba: Àgbéyẹ̀wò Orísun Àwọn Ọ̀rọ̀ tí Àwọn Ẹ̀yà Sílááfù fi ń Pe Olùtọ́jú Ọmọ

1.0 Ìfáàrà

Ní ìjọ̀kan, akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé àpilẹ̀kọ àṣekágbá rẹ̀ wá fún mi láti yẹ̀ wò. Ní ojú ewé kẹta, ó to ọ̀rọ̀ sí òpó méjì. Bàbá àti màmá wà ní apá òsì. Baba àti mama láti inú èdè Rọ́ṣíà wà ní apá ọ̀tún. Ohun tí ó fà yọ láti inú òpó méjèèjì ni pé orísun kan náà ni àwọn Yorùbá àti àwọn ará Rọ́ṣíà ti ṣẹ̀ wá. Mo bi í léèrè ohun tí baba túmọ̀ sí lẹ́nu àwọn tí ó ni ín. Kò mọ̀. Nígbà tí mo sọ fún un pé arúgbó obìnrin tàbí ìyá àgbà ni, ó rẹ́rìn-ín, ó ní bóyá ìtumọ̀ ló yí padà lójú ọ̀nà.

Kò yẹ kí á fi èrò ọmọ náà ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn àgbà ti gba ọ̀nà yìí ṣáájú rẹ̀. Nínú ìwé tí J. Olumide Lucas tẹ̀ jáde ní 1948 lórí ẹ̀sìn àwọn Yorùbá, ìjọra ìró láàárín ọ̀rọ̀ Yorùbá àti ọ̀rọ̀ Íjíbítì àtijọ́ wà lára ẹ̀rí tí ó fi ti èrò rẹ̀ nípa orírun Yorùbá lẹ́yìn, títí di òní ni àwọn olùkọ́ kan sì ń gbé irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ ní kíláàsì láì bi í wò. Bí ó bá wá kan ọ̀rọ̀ tí ọmọdé fi ń pe àwọn tí ó ń tọ́jú rẹ̀, ẹ̀rí náà tilẹ̀ tún lẹ́gẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí a fi mú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láti inú àwọn èdè Sílááfù fún àgbéyẹ̀wò. Àwọn onímọ̀ ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ lé wọn lórí, àkọsílẹ̀ ìgbà pípẹ́ wà, ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè tí òkìkí wọn kàn jù lọ ní ọ̀rúndún ogún, tí èdè Rọ́ṣíà sì jẹ́ èdè abínibí rẹ̀, ni ó sì gbé tíọ́rì tí gbogbo ènìyàn ń tọ́ka sí kalẹ̀.

Èrò wa ni pé tíọ́rì náà sọ òótọ́ nípa ibi tí ìró àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ti wá, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tí ó tó nípa ẹni tí orúkọ náà mọ́ lórí. Àwọn ọ̀rọ̀ tí yóò jẹyọ ni a ó kọ ní lẹ́tà Látìn bí etí Yorùbá yóò ṣe lè gbà wọ́n: nyanya, tyatya, dyadya àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

2.0 Tíọ́rì Jakobson

Ìlú Moscow ni wọ́n ti bí Roman Jakobson ní 1896. Amẹ́ríkà ni ó kú sí ní 1982. Ní 1941 ni ó ti tẹ ìwé kan jáde lórí èdè ọmọdé àti èdè àwọn tí àìsàn ọpọlọ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Ní 1960 ni àpilẹ̀kọ rẹ̀ lórí ìdí tí mama àti papa fi jọ ara wọn káàkiri àgbáyé jáde. Onímọ̀ àṣà ènìyàn kan, George Peter Murdock, ni ó kó dátà jọ: ọ̀rọ̀ 1,072 láti inú àwọn èdè tí ó jìnnà sí ara wọn, 531 fún ìyá, 541 fún bàbá. Jakobson ṣe àkíyèsí pé nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí ó ń tọ́ka sí ìyá, ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ní kọ́ńsónáǹtì àránmúpè, irú m àti n. Nínú àwọn ti bàbá, ìdá 15 péré ni.

Àlàyé rẹ̀ rọrùn, ó sì wuni. Nígbà tí ìkókó bá ń mu ọmú, ètè rẹ̀ dé, ẹnu rẹ̀ kún. Imú nìkan ni èémí lè gbà jáde, bí ó bá sì fẹ́ fọhùn, ìró àránmúpè ni a óò gbọ́. Tó bá yá, bí ọmọ náà bá rí ọmú tàbí ìgò oúnjẹ lókèèrè, yóò pe ìró náà. Lẹ́yìn èyí, ìró náà yóò di ẹ̀bẹ̀ fún ohunkóhun tí ọkàn rẹ̀ bá fà sí. Nítorí pé ìyá ni ó sábà máa ń dáhùn, ìró ẹ̀bẹ̀ di orúkọ rẹ̀. Ti bàbá yàtọ̀. Ọmọ kì í ké pè é nítorí ebi. Ó kàn ń tọ́ka sí i pé ó wà níbẹ̀ ni, àsénupè p, b tàbí t sì tó fún ìyẹn.

Ohun kan tí àwọn tí ó ń tọ́ka sí àpilẹ̀kọ yìí máa ń gbójú fò ni pé Jakobson kò sọ pé ọmọdé ni ó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Àgbàlagbà ni ó ń mú ìró ẹnu ọmọ, tí ó ń fún un ní ìtumọ̀, tí ó sì ń dá a padà fún ọmọ. Àdéhùn láàárín ẹni méjì ni. A gbọ́dọ̀ rántí èyí kí a tó ta ko ọ̀gbẹ́ni náà.

Bí a bá wá kó ọ̀rọ̀ Sílááfù sí iwájú tíọ́rì yìí, ọ̀pọ̀ ni yóò jókòó wẹ́rẹ́. Mama wà káàkiri. Tata ni bàbá ní Pólándì, táta ní Ṣẹ́ẹ̀kì, tato ní Úkréènì, tatko ní Bùlùgéríà. Àwọn mẹ̀kúnnù Rọ́ṣíà ń pe bàbá ní tyatya tàbí batya. Àwíìdákọ tilẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mẹ́ta kò fẹ́ jókòó.

Èkíní ni nyanya. Ní Rọ́ṣíà, obìnrin tí a fi ṣọ́ ọmọ ni nyanya. Bẹ́ẹ̀ náà ni niania ní Pólándì. Àránmúpè ni, obìnrin ni, ó sì ń tọ́jú ọmọ: títí dé ibí, Jakobson jàre. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn Rusyn tí ó ń gbé ní àwọn òkè Carpathia, nyanyo ni bàbá. Ìró kan náà, ẹbí èdè kan náà, ìtumọ̀ sì bọ́ sí apá kejì. Bí a bá ti Sílááfù kúrò díẹ̀, a óò rí Jọ́jíà, níbi tí mama ti jẹ́ bàbá, tí deda sì jẹ́ ìyá. Òótọ́ ni pé ìdá nínú ọgọ́rùn-ún kì í ṣe òfin, ọ̀rọ̀ méjì kò sì lè bi 1,072 wó. Ohun tí wọ́n fi hàn ni pé ọmú nìkan kò tó láti so ìró mọ́ ẹnì kan.

Èkejì ni ìró fúnra rẹ̀. Ẹ wo nyanya, tyatya, dyadya (arákùnrin òbí), lyalya (ọmọ pẹ̀lẹ́bẹ́ tàbí bèbí). Nínú gbogbo wọn, àárín ahọ́n gbéra lọ sí àjà ẹnu nígbà tí a bá ń pe kọ́ńsónáǹtì náà. Nínú tíọ́rì Jakobson, ìró tí ó rọrùn jù lọ ni ọmọ kọ́kọ́ ń pè, irú ìró tí a fi àjà ẹnu rọ̀ báyìí kò sì sí lára àwọn tí ó rọrùn jù. Kí ló wá dé tí wọ́n fi pọ̀ tó báyìí nínú ọ̀rọ̀ ìkókó ará Rọ́ṣíà? Nítorí pé àgbàlagbà ibẹ̀ gbà pé báyìí ni ìkẹ́ ṣe ń dún ni. Ìró rírọ̀ jẹ́ àmì ìfẹ́ àti kíkéré nínú èdè wọn. Charles Ferguson sọ ohun tí ó sún mọ́ èyí ní 1964, nígbà tí ó fi èdè mẹ́fà wé ara wọn: ọ̀nà tí àgbà ń gbà bá ọmọ sọ̀rọ̀ jẹ́ àṣà tí ìran kan ń gbé lé ìran kejì lọ́wọ́, bí àṣà mìíràn.

Ẹ̀kẹta ni papa. Bí ẹnu ìkókó bá ni ó ń dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ní ìran dé ìran, kí ló dé tí papa fi lé tyatya kúrò nílẹ̀ ní Rọ́ṣíà? Láti inú èdè Faransé ni papa ti wọ ilé àwọn ọlọ́lá, láti ibẹ̀ ni ó ti tàn kálẹ̀. Ìfẹ́ láti jọ ọlọ́lá ni ó gbé e dé ibi tí ó dé. Ọ̀rọ̀ àyálò ni, bí ó tilẹ̀ ń dún bí ohun tí ọmọ oṣù mẹ́wàá hú lẹ́nu.

3.0 Mamka ní ilé ọba

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn jù lọ ni mamka. Bí a bá fi ojú tíọ́rì ọmú wò ó, ó yẹ kí mamka jẹ́ ẹni tí ń fi ọmú bọ́ ọmọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí ní Pólándì: mamka ni obìnrin tí ń fún ọmọ ọlọ́mọ lọ́mú. A lè rò pé ìdájọ́ ti parí síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á lọ sí Uglich, ìlú kan tí ó wà létí odò Volga. Ní ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún ọdún 1591, ọmọ ọba Dmitry, àbíkẹ́yìn Ivan Kẹrin, kú nínú àgbàlá pẹ̀lú ọgbẹ́ ọ̀bẹ ní ọrùn. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Àwọn kan ní wárápá ni ó gbé e nígbà tí ó ń fi ọ̀bẹ ṣeré; àwọn mìíràn ní wọ́n pa á ni. Ìjọba rán Vasily Shuisky àti àwọn mìíràn láti Moscow kí wọ́n wá wádìí, àkọsílẹ̀ ìwádìí náà sì wà títí di òní. Ìtàn òṣèlú ni àwọn òpìtàn ń wá nínú rẹ̀. Ohun tí onímọ̀ ẹ̀dá-èdè yóò rí níbẹ̀ ni orúkọ iṣẹ́.

Àwọn obìnrin tí ó ń tọ́jú ọmọ náà ju ẹyọ kan lọ. Vasilisa Volokhova ni mamka rẹ̀. Arina Tuchkova ni kormilitsa rẹ̀. Láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó túmọ̀ sí 'bọ́' ni kormilitsa ti wá. Òun ni ẹni tí ó fún ọmọ ní ọmú. Ọ̀rọ̀ àgbà gidi ni, tí a fi àfòmọ́ ìparí ṣẹ̀dá, kò sì ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú ìró ẹnu ọmọ. Mamka ní tirẹ̀ jẹ́ alábòójútó, ẹni tí a fi ọmọ ọba sí ìkáwọ́ rẹ̀. Nígbà tí ikú dé, mamka ni ìyá ọmọ náà kọ́kọ́ dojú kọ. Àkọsílẹ̀ sọ pé igi ìdáná ni ó fi lù ú, àwọn èrò sì pa Osip, ọmọ Volokhova. Ẹni tí a fi ọmọ sí ìkáwọ́ rẹ̀ ni a ń bi léèrè ọmọ.

Nítorí náà, ní ààfin Rọ́ṣíà, ẹni tí ó ni ọmú kò ni orúkọ tí ọmú bí, ẹni tí ó ni orúkọ kò sì fún ọmọ ní ọmú. Èyí ni ó jẹ́ kí n sọ pé àlàyé Jakobson kò dé ìdí ọ̀rọ̀. Ìró ma- lè ti inú ọmú wá ní àtètèkọ́ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi máa di orúkọ oyè ní ilé ọba, ohun tí ó ń gbé kiri ni ipò ìyá: ẹni tí ó dúró ní ipò ìyá nígbà tí ìyá ń ṣe olorì. Pólándì mú apá kan nínú iṣẹ́ ìyá, ìfọ́mọlọ́mú, ó so orúkọ mọ́ ọn. Moscow mú apá mìíràn, ìdáhùn fún ọmọ.

Àwọn òǹkọ̀wé lítíréṣọ̀ mọ ìyàtọ̀ wọ̀nyí dáadáa. Nínú eré Boris Godunov tí Pushkin kọ ní 1825, tí ó sì jáde ní 1831, mamka wà pẹ̀lú ọmọbìnrin ọba. Nínú ìtàn rẹ̀ ti 1836 lórí ọmọbìnrin ọ̀gágun, ọkùnrin ẹrú kan tí ń jẹ́ Savelyich ni dyadka ọmọ olówó rẹ̀. Láti ara dyadya ni dyadka ti wá, ṣùgbọ́n Savelyich kì í ṣe arákùnrin òbí ẹnikẹ́ni nínú ilé náà. Ó ń tọ́ ọmọ, ó ń ṣọ́ owó rẹ̀, ó sì ń gba èébú lẹ́nu rẹ̀. Nyanya Pushkin fúnra rẹ̀, Arina Rodionovna (1758–1828), jẹ́ ẹni tí a bí sí oko ẹrú, irú èyí tí òfin kò fòpin sí ní Rọ́ṣíà títí di 1861. Ọmọ ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní orúkọ ìkẹ́, ìdílé náà sì ni ó ni ín bí ó ṣe ni ilẹ̀.

Àwọn kan lè sọ pé àfòmọ́ -ka ni ó ya alágbàtọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹbí: mama ni ìyá, mamka ni adelé ìyá; dyadya ni ẹbí, dyadka ni ìránṣẹ́. Kò burú, ṣùgbọ́n àfòmọ́ yìí kan náà ni ó wà nínú batka, tí ó jẹ́ bàbá gan-an. A kò lè gbé ẹrù náà lé e lórí nìkan.

4.0 Baba

Ẹ jẹ́ kí á padà sí ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú òpó akẹ́kọ̀ọ́ wa. Nínú àwọn èdè Sílááfù, baba ni ìyá àgbà, ó sì tún jẹ́ arúgbó obìnrin. Ní Rọ́ṣíà ó di orúkọ obìnrin ará oko, nígbà mìíràn pẹ̀lú ẹ̀gàn. Ó tún ní ìtumọ̀ kan tí ó kan iṣẹ́ yìí gbọ̀ngbọ̀n: agbẹ̀bí. Ní Bùlùgéríà, Babinden ni ọjọ́ tí wọ́n ń bọlá fún baba, ìyẹn obìnrin tí ó gbẹ̀bí àwọn ọmọ abúlé. Ọjọ́ 8 oṣù Kìn-ín-ní ni, ọjọ́ 21 sì ni fún àwọn tí ó ń tẹ̀lé kàlẹ́ńdà àtijọ́. Àwa tí a ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ìyá àgbẹ̀bí kò ní nílò àlàyé púpọ̀ lórí bí orúkọ ẹbí ṣe ń di orúkọ iṣẹ́. Kò sí ọmú nínú ọ̀rọ̀ yìí, kò sì sí àránmúpè. B tí Jakobson fẹ́ fi fún bàbá ni ó wà lẹ́nu ọmọ tí ń pe ìyá àgbà.

Bọ́síníà ni ó fún wa ní ẹ̀rí tí ó ṣe kedere jù lọ. Àwọn Tọ́kì jọba níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, baba sì ni bàbá ní èdè Tọ́kì. Ọ̀rọ̀ méjì tí ó dún bákan náà wá pàdé ní ilé kan: baba ti Sílááfù tí í ṣe ìyá àgbà, baba ti Tọ́kì tí í ṣe bàbá. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n fi fáwẹ̀lì o parí ti bàbá, ó di babo. Ìyá àgbà dúró sí ààyè rẹ̀. Bí ìjọra ìró bá jẹ́ ẹ̀rí ìbátan, ó yẹ kí a sọ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni méjèèjì; ìtàn sì sọ pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ilẹ̀kùn ni wọ́n gbà wọlé.

5.0 Ibi tí òfin ìyípadà ìró ti ṣèrànwọ́

Oleg Trubachev (1930–2002) tẹ ìwé ńlá kan jáde ní Moscow ní 1959 lórí ìtàn àwọn ọ̀rọ̀ ìbátan ní àwọn èdè Sílááfù. Max Vasmer ní tirẹ̀ ti parí ìwé atúmọ̀ orísun ọ̀rọ̀ Rọ́ṣíà ní 1958. Iṣẹ́ takuntakun ni méjèèjì. Àléébù tí mo rí nínú irú ìwé atúmọ̀ bẹ́ẹ̀ ni pé tí wọ́n bá ti kọ 'ọ̀rọ̀ ọmọdé' sí ìdí ọ̀rọ̀ kan bíi nyanya, tí wọ́n sì tọ́ka sí àwọn tí ó jọ ọ́ ní èdè Gíríìkì tàbí Látìn, iṣẹ́ ti parí. Àmì yẹn ti ilẹ̀kùn níbi tí ó yẹ kí a ti ṣí i.

Ọ̀nà wà tí a lè gbà mọ̀ bí ọ̀rọ̀ ẹnu ìkókó kan bá ti di ọ̀rọ̀ àjogúnbá gidi. Ẹ wo bàbá àgbà: ded ní Rọ́ṣíà, dziad ní Pólándì, did ní Úkréènì. Ẹ wá wo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn: leto, lato, lito. Fáwẹ̀lì e, a, i tò tẹ̀lé ara wọn bákan náà nínú méjèèjì. Òfin kan náà ni ó ṣiṣẹ́ lé wọn lórí, èyí sì fi hàn pé ded ti wà gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ kíkún ṣáájú kí àwọn èdè náà tó pín yà, ibi yòówù kí ìró rẹ̀ ti wá.

Ti bàbá tilẹ̀ yani lẹ́nu ju èyí lọ. Àwọn èdè Sílááfù kò ní ọ̀rọ̀ tí ó bá pater Látìn mu fún bàbá. Ó ti sọnù. Ọ̀rọ̀ àgbà tí wọ́n ń lò ni otets ní Rọ́ṣíà, otac ní Sẹ́bíà. Ìró wọn bá òfin mu: ọjọ́ ni den ní Rọ́ṣíà, dan ní Sẹ́bíà, e fún a, bíi ti otets àti otac. Ṣùgbọ́n bí a bá bó àfòmọ́ ìparí rẹ̀, tí í ṣe àfòmọ́ ìkẹ́, ohun tí ó kù ni at-, ìbátan atta tí àwọn Gọ́ọ̀tì àti àwọn Hítáìtì fi ń pe bàbá. Ọ̀rọ̀ ìkókó ni! Ọ̀rọ̀ tí àwọn àlùfáà ń lò fún Ọlọ́run nínú àdúrà wọn jẹ́ 'bàbá kékeré' tí ọmọ ń pè, tí ó dàgbà, tí ó sì gba ipò ọ̀rọ̀ àgbà tí ó sọnù. Nígbà tí ó ti dàgbà tán, ilé tún nílò ọ̀rọ̀ ìkẹ́ tuntun, tata àti tyatya sì wọlé.

Tata, mama àti baba kò ṣeé dán wò báyìí. Fáwẹ̀lì a wọn kò yí padà láti èdè kan sí èkejì, kọ́ńsónáǹtì wọn náà kò sì yí padà. Wọ́n lè ti wà láti ẹgbẹ̀rún ọdún. Ọmọ kan lè ti tún wọn hú lẹ́nu ní àná. Ojú kan náà ni wọn yóò ní.

6.0 Nípa òpó méjì náà

Èyí ni ó mú mi fa ìlà sí òpó akẹ́kọ̀ọ́ náà. Ọ̀rọ̀ tí a kò lè fi mọ ọjọ́ orí ara rẹ̀ ní ilé tirẹ̀, a kò lè fi mọ ìbátan láàárín ilé méjì. Ní ti bàbá wa, ohùn ìsàlẹ̀ àti ohùn òkè wà lórí rẹ̀. Bí a bá gbé ohùn kúrò kí ó lè jọ ti ará Rọ́ṣíà, kò kù díẹ̀ kí a bá ọkà bàbà pàdé lójú ọ̀nà. Mo ní kí ó pa ìdájọ́ rẹ̀ rẹ́, ṣùgbọ́n kí ó má pa òpó náà rẹ́. Mo ní kí ó fi òpó kẹta kún un, kí ó kọ síbẹ̀ ẹni tí ó ń dáhùn ní ilé nígbà tí ọmọ bá pe ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan: ìyá tí ó bí i ni tàbí ìyá àgbà, alágbàtọ́ tàbí ọmọ ọ̀dọ̀. Ó gba oṣù méjì kí ó tó padà wá. Òpó kẹta náà gùn ju méjì ìṣáájú lọ, ó sì ní àwọn ìbéèrè nípa ìyá àti yèyé tí èmi fúnra mi kò tíì rí ìdáhùn wọn.